Àáró Lórí Oko Google

Nígbà tí oko jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ilé, kò sí àgbẹ̀ tó lè dá nìkan kọ ẹgbẹ̀rún ebè kí àkókò tó kọjá lórí iṣu rẹ̀. Àáró ni àwọn bàbá wa fi yanjú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ yóò fìmọ̀ ṣọ̀kan: oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dù lọ́túnla, títí yóò fi kárí. Olóko ni yóò bọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, kò ní rí ẹni tẹ̀lé e lọ sóko mọ́. Ohun kan tún wà nínú àáró tí a kì í sábà sọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: ojú ń wo iṣẹ́. Bí o bá kọ ebè tí kò ga, tí o fi ewéko bo ibi tí ọkọ́ kò dé, ẹni tó wà ní poro kejì yóò rí i. Ó lè fi ṣẹ̀fẹ̀, ó sì lè là á mọ́lẹ̀ fún ọ. Ọ̀nà yòówù kó gbà, wàá tún ebè náà kọ.

Mo mú ọ̀rọ̀ àáró wá nítorí pé n kò rí ohun mìíràn nínú ìgbé ayé wa tó fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé-iṣẹ́ bíi Google hàn tó o. Bí ọmọ Yorùbá bá rí iṣẹ́ síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ní London, ní Dublin tàbí ní California gan-an, ohun tí àwọn ará ilé kọ́kọ́ máa ń bi í ni oúnjẹ ọ̀fẹ́, kẹ̀kẹ́ aláràbarà tí wọ́n ń gùn kiri ọgbà ilé-iṣẹ́, àti iye tó ń gbà lóṣù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1999 tí Charlie Ayers ti di alásè wọn, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ kò ju nǹkan bí ogójì lọ. Owó náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi oúnjẹ júwe iṣẹ́ náà kò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣe láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni pé ó ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ síwájú ẹlòmíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà sì ń yẹ ti ẹlòmíràn wò.

Larry Page àti Sergey Brin, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998. Gáréèjì ilé Susan Wojcicki ní Menlo Park ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2022 fi parí, òṣìṣẹ́ Alphabet, ìyá ilé-iṣẹ́ náà, ti lé ní 190,000. Báwo ni èèyàn tó pọ̀ tó báyìí ṣe ń fọwọ́ kan iṣẹ́ kan náà láìtẹ ara wọn mọ́lẹ̀?

Kóòdù ni iṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí èèyàn ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń pín kóòdù wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Google kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ àwọn bíi Android àti Chrome tó wà lọ́tọ̀ kúrò, ojú kan ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Kóòdù tó ń bá wa wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé lẹ́tà Gmail, èyí tó ń fi ọ̀nà hàn wá lórí Maps, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n hù sí. Rachel Potvin àti Josh Levenberg, tí àwọn méjèèjì jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nígbà náà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 2016. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, ìlà kóòdù tó wà níbẹ̀ tó bílíọ̀nù 2, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 fáìlì. Ẹnjiníà bíi 25,000 ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo nígbà náà, ọwọ́ èèyàn máa ń yí nǹkan padà níbẹ̀ nígbà 16,000, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì tún ń ṣe 24,000 mìíràn lé e.

Oko ńlá kan nìyẹn tí kò ní ọgbà láàárín. Ẹni tó dé lọ́sẹ̀ yìí lè ka èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù náà, ó sì lè dábàá àtúnṣe sí apá tí kò mọ ẹni tó gbìn ín. Àbá ni mo pè é. Kò lè dá a wọlé.

Ká ní ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé bí ẹni tó ń jẹ́ Ṣọlá bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, àwọn àmì orí àti abẹ́ rẹ̀ ń pòórá, ó ń di Sola. Ó wá ibi tí àṣìṣe náà wà, ó tún un ṣe, ó sì kọ ìdánwò sí i, ìyẹn kóòdù kékeré tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò títí láé pé àmì náà kò tún sọnù mọ́. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ogún ìlà lọ. Lẹ́yìn náà, ó kọ àlàyé: ohun tó bàjẹ́, ìdí tó fi bàjẹ́, ìdí tó fi yan ọ̀nà yìí láti fi tún un ṣe. Ó wá fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé Zürich ni ìyẹn wà, tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí.

Ìdáhùn dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹta: "Kí ló dé tí o fi sọ ọ́ ní orúkọ yìí? Kò jẹ́ kí n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹsàn-án: "Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀ rárá?" Nísàlẹ̀: "Irú iṣẹ́ yìí ti wà níbì kan. Má tún un kọ, lọ lo ìyẹn." Ọmọbìnrin náà á gba méjì, á jiyàn lórí ìkẹta, á sì fi ìdí rẹ̀ hàn. Kóòdù náà á lọ, á bọ̀. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kó tó wọlé: kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ LGTM, lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi ń sọ pé lójú tèmi ó dára, kí ẹni tí apá kóòdù náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹni tí ilé-iṣẹ́ ti jẹ́rìí sí pé ó mọ èdè kọ̀ǹpútà náà kọ bó ṣe yẹ sì gbà pé ó ṣe é kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ní àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn oníwádìí tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 lórí bí àyẹ̀wò yìí ṣe ń lọ ní Google, wọ́n sì gbé mílíọ̀nù 9 àyẹ̀wò yẹ̀ wò. Bí a bá to gbogbo àtúnṣe náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn kò ju ìlà 24 lọ. Ẹnjiníà tó wà láàárín ń kọ bí àtúnṣe 3 lọ́sẹ̀, ó sì ń yẹ 4 wò fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ ka iye yẹn dáadáa: ohun tó ń yẹ̀ wò ju ohun tó ń kọ lọ. Àáró tó san ju èyí tó jẹ lọ.

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n ti wo fíìmù tí ọmọkùnrin kan ti jókòó nínú òkùnkùn, tó ń tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí nǹkan ń lé, tó sì kọ áàpù odidi kan tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà 24 ni, pẹ̀lú àlàyé, ìdánwò, àríyànjiyàn àti sùúrù. Ẹni tó mọ kóòdù kọ gan-an lè lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́ yóò parí láàárín wákàtí méjì. Inú máa ń bí àwọn ọ̀dọ́ sí i níbẹ̀rẹ̀, ó sì yé mi.

Ohun tó tún ṣòro fún àwọn ọmọ tiwa ni pé àgbà kì í dá èèyàn sí nínú àyẹ̀wò. Ẹni tí kò tíì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ ọ́ sí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ pé ibí yìí kò yé òun, ọ̀gá náà á sì dá a lóhùn bí ẹgbẹ́. A tọ́ wa dàgbà láti dọ̀bálẹ̀, láti kúnlẹ̀, láti gbé àtakò wa gba ẹ̀yìn wá bó bá jẹ́ àgbà ló ṣe àṣìṣe. Ó ń gba àkókò kí èèyàn tó lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù ú lọ, ní kíkọ, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lè kà á, pé kí ni ìdí ohun tó ṣe. Ó sì tún ń pẹ́ kí èèyàn tó lè gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìronú pé wọ́n fojú di òun. Àwọn tí mo rí tí wọ́n pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, tí inú wọn sì dùn sí i, ni àwọn tó kọ́ èyí tètè. Mo gbà pé ó ju mímọ kóòdù lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Sátidé kan, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2009. Nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ kùtù sì ni ní California. Lójijì, ohunkóhun tí èèyàn bá wá lórí Google, ìkìlọ̀ ló ń jáde sí abẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan pé ojú-ìwé yìí lè ba kọ̀ǹpútà rẹ jẹ́. Ìwé ìròyìn, yunifásítì, ilé ìjọba, gbogbo wọn di ewu lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Google ní àkójọ àwọn ojú-ìwé tó léwu, ọwọ́ èèyàn sì ni wọ́n fi ń sọ apá kan rẹ̀ di tuntun. Lọ́jọ́ náà, àmì / kan ṣoṣo, ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ yẹn, dá wọ inú àkójọ náà. Kò sì sí àdírẹ́sì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní àmì yẹn nínú. Kọ̀ǹpútà kò mọ àwàdà: ohun tí a kọ fún un ló ṣe. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi rí i, tí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.

Marissa Mayer, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá wọn nígbà náà, kọ ọ́ sí gbangba lọ́jọ́ yẹn gan-an pé àṣìṣe ọwọ́ èèyàn ni, ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ pé àwọn yóò fi àyẹ̀wò tó lágbára sí i sórí fáìlì náà. Kò dárúkọ ẹni tó tẹ àmì náà.

Àìdárúkọ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Láti ọdún 2003 ni Google ti ní ẹ̀ka kan, tí Ben Treynor Sloss bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tà fún aráyé má dákẹ́. Wọ́n ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí ìṣọ́ bá kàn gbọ́dọ̀ wà níbi tí fóònù rẹ̀ ti lè ké. Bó bá jẹ́ ohun tí aráyé ń lò ní tààrà ló bàjẹ́, a lè máa retí pé kó ti dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ìlú méjì tí aago wọn jìnnà síra ni wọ́n ń pín ẹgbẹ́ sí, kí oorun àwọn kan lè jẹ́ ọ̀sán àwọn yòókù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, tí wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n á jókòó kọ ìwé kan nípa rẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, ní ìṣẹ́jú wo, ta ni ó pa lára, ibo ni oríire ti ràn wá lọ́wọ́, kí ni a ó yí padà kí ó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Òfin ìwé náà ni pé wọn kì í di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà pé ẹni tó tẹ nǹkan tí kò yẹ ṣe ohun tó dára lójú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lásìkò náà, ìbéèrè tó sì tọ́ ni ìdí tí ilẹ̀kùn náà fi ṣí sílẹ̀ fún un.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí Gmail, YouTube àti Drive dákẹ́ káàkiri ayé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Ẹ̀rọ kan wà tó ń pín ààyè fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe nílò rẹ̀. Apá kan tó jẹ́ ti àtijọ́ nínú rẹ̀ ń ròyìn pé ẹ̀ka tó ń dá èèyàn mọ̀, èyí tí gbogbo wa ń gbà wọlé, kò lo nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà sì gba ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ gbogbo èyí jáde, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Mo fẹ́ràn àṣà yìí ju gbogbo ohun mìíràn tó wà ní ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa, bí nǹkan bá ti bàjẹ́, "Ta ló ṣe é?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu ọ̀gá. Gbogbo èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́, oògùn tí a ṣì lò á di àdììtú, owó tí a ṣì fi ránṣẹ́ á di ẹjọ́ akọ̀wé kékeré. A ó lé e lọ, a ó fi ẹni tuntun sídìí irinṣẹ́ kan náà, yóò sì tún ṣe àṣìṣe kan náà.

Ní ti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní Google, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ẹnjiníà wà lórí ìpele onínọ́ńbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìpele 3. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ àwọn tí kò bá ọ ṣiṣẹ́ ló ń ka ohun tí o kọ nípa ara rẹ àti ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kọ nípa rẹ, kí wọ́n tó pinnu. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ojúsàájú ọ̀gá má bàa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn èèyàn láti máa sáré tẹ̀lé iṣẹ́ tuntun tó ń dán lójú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì fi àtúnṣe ohun àtijọ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, ó wà lára ìdí tí áàpù wọn kan fi ń dé tariwo-tariwo, tí wọ́n á sì tì í pa lẹ́yìn ọdún díẹ̀: Allo jáde ní ọdún 2016, ó kógbá sílé ní ọdún 2019.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ àáró kò ti bá tiwọn mu, mi ò sì gbọ́dọ̀ bò ó. Nínú àáró, oníkálukú ló ní oko tirẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ gbìn sí ilẹ̀ rẹ, ìwọ lo ń wà á. Ní Google, ilẹ̀ náà kì í ṣe ti àwọn tó ń ro ó. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ìpín ìdókòwò mọ́ owó oṣù, àmọ́ ìyẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di olóko.

Ní ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kìíní ọdún 2023, Sundar Pichai, ọ̀gá àgbà wọn, kọ̀wé sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ń dá nǹkan bí èèyàn 12,000 dúró, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ímeèlì ni wọ́n fi sọ fún wọn. Àwọn kan jí láàárọ̀, wọ́n fẹ́ wọlé sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́, kò gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Ẹni tó ti lo ọdún méwàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò rí àyè dágbére fún àwọn tí wọ́n jọ ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Wọ́n san owó ìkúrò fún wọn, ó kéré tán owó ọ̀sẹ̀ 16 fún àwọn ti Amẹ́ríkà, owó náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń pe ibẹ̀ ní ilé mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ibi iṣẹ́ ni.

Àwọn alágbàṣe tún wà. Ìwé ìròyìn New York Times jẹ́ ká mọ̀ ní ọdún 2019 pé nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún náà, nǹkan bí èèyàn 121,000 ló ń ṣiṣẹ́ fún Google gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àgbàṣe àti onígbà díẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ gidi jẹ́ 102,000. Báàjì pupa ni wọ́n ń fi kọ́rùn. Wọ́n lè jókòó lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tó jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í rí ìpín ìdókòwò náà gbà, ọ̀pọ̀ ìpàdé ni wọn kì í sì í pè wọ́n sí. Bí ọmọ yín bá sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ ní Google, ó dára kí ẹ mọ irú báàjì tó wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ fi tẹ́ ẹ, bí kò ṣe kí ẹ má bàa di ẹrù tí kò lè gbé lé e lórí.

Àwọn òṣìṣẹ́ kì í sì í dákẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nǹkan bí 20,000 nínú wọn kúrò lórí ìjókòó, wọ́n jáde síta ní ìlú káàkiri ayé, nítorí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń bo àwọn ọ̀gá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń fi ìbálòpọ̀ yọ obìnrin lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti máa béèrè ìdí lórí ìlà kóòdù kan, ó máa ń béèrè rẹ̀ lórí nǹkan mìíràn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lépa irú iṣẹ́ yìí láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Àkúrẹ́, ẹ má ṣe dúró de físà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí àwọn ẹ̀ka tó ń gba ìṣọ́ kọ nípa iṣẹ́ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìlànà tí Google fi ń yẹ kóòdù wò náà wà níbẹ̀. Kóòdù Chromium, tí wọ́n fi ṣe Chrome, àti ti èdè kọ̀ǹpútà Go wà ní gbangba pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ sí àdéhùn wọn lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ibi yòówù kó wà, àwọn ẹnjiníà kan náà tó ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò ni yóò sì yẹ tirẹ̀ wò. Ẹ wá àṣìṣe kékeré kan níbẹ̀, ẹ tún un ṣe, ẹ kọ àlàyé rẹ̀ kó yé èèyàn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lóṣù yìí.